Ta Ni Yóò San Owó Omi? Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà tó wọlé lórí owó omi lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. Mo yan mẹ́fà nínú wọn, mo sì gé wọn kúrú, nítorí pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ń béèrè lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni ìjọba lè ṣe tí omi ẹ̀rọ àti kíkó omi ẹ̀gbin kúrò nílé kò fi ní di ẹrù tó wúwo ju ohun tí ìdílé lè gbé lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ọlọ́run ló ń rọ òjò, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi. Kí ló dé tí a tún ń sanwó rẹ̀? Ṣé kò yẹ kí ìjọba ṣe é ní ọ̀fẹ́ fún gbogbo wa ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé ẹ̀tọ́ ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé omi mímu tó mọ́ àti ìmọ́tótó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Orílẹ̀-èdè 122 fọwọ́ sí i, 41 ta kété, kò sì sí èyí tó dìbò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀tọ́ náà béèrè ni pé kí owó omi má ṣe ju agbára ẹni lọ. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sanwó. Òjò kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóòótọ́, àmọ́ òjò kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìdáná. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, páìpù tó gba abẹ́ ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, òṣìṣẹ́ tó ń jí lóru láti tún páìpù tó bẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló ń gba owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni a óò ná bí ẹ bá pọn garawa kan tàbí bí ẹ bá pọn ọgọ́rùn-ún, torí pé páìpù tí a ti rì mọ́lẹ̀ kò mọ iye tí ẹ pọn.

Àpò méjì ni ìlú sábà máa ń yọ owó yìí nínú rẹ̀: àpò àwọn tó ń lo omi, àti àpò owó-orí tí gbogbo ènìyàn ń dá. Àpò kẹta wà tí àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ dárúkọ, ìyẹn ni páìpù fúnra rẹ̀. Bí owó kò bá wọlé láti ibì kankan, a kò ní tún páìpù ṣe, yóò máa jò, yóò máa dípẹtà, àwọn ọmọ wa ni yóò sì wá san gbèsè náà pẹ̀lú èlé. Ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba pinnu ní gbangba ẹni tó máa san iye báyìí, kí ó sì kọ ọ́ sínú òfin àti ètò ìṣúná, dípò kí ó máa kéde owó pọ́ọ́kú nígbà ìdìbò, kí ó sì fi páìpù sílẹ̀ fún ìpẹtà.

Àwọn mìíràn béèrè ibi tó yẹ kí a fa ìlà sí. Ètò Ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìyẹn UNDP, dábàá ní ọdún 2006 pé kí owó omi má ṣe kọjá ìdá 3 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ti ń lo ìdá 2.5 fún omi àti ìdá 2 fún omi ẹ̀gbin. Ìdílé tó wà láàárín gbùngbùn, tí ìdajì ìlú lówó jù ú lọ tí ìdajì yòókù kò sì tó o, ni wọ́n sì fi ń ṣe ìṣirò náà. Ibẹ̀ ni èmi kò ti gbà pẹ̀lú òṣùwọ̀n yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní owó omi àti ti ẹ̀gbin jẹ́ 45 lóṣù fún olúkúlùkù ilé. Ìdílé tó wà láàárín gbùngbùn, tí 1,000 ń wọlé fún, ń san ìdá 4.5, ìwé ìjọba yóò sì sọ pé àlàáfíà ni. Ìdílé tí 250 ń wọlé fún, lójúlé kejì ní òpópónà kan náà, ń san ìdá 18. Iye kan náà ló wà lórí ìwé owó àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ilé kejì, oògùn ọmọ ni wọn kò rà kí wọ́n tó lè san án. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó omi ti ń ni àwọn ènìyàn lára, ilé tí owó tó ń wọlé fún un kéré jù ni kí ó lọ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ó lé ní ogún ọdún tí ìjọba ìlú wa kò ti fi kún owó omi, wọ́n ní torí àwọn tálákà ni. Síbẹ̀ kò sí ẹ̀rọ ní àdúgbò tèmi, ọwọ́ àwọn tó ń fi ọmọlanke gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri ni mo ti ń rà á. Èrè wo ni mo jẹ nínú owó pọ́ọ́kú náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kò jẹ èrè kankan, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ ni owó ìrànwọ́ tí a fi pamọ́ sínú owó omi ń gbà jáde. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ nílé kò rí nínú rẹ̀, ẹni tó sì ní odò ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé ló ń kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ń san ìlọ́po iye tí olódò ìwẹ̀ ń san lórí líta kan. Bí owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ omi kò bá sì tó tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, kí ni wọn yóò fi na páìpù dé ọ̀dọ̀ yín?

Ẹ wo Phnom Penh, olú ìlú Cambodia. Ogun ti ba ìlú náà jẹ́ gan-an nígbà tí Ek Sonn Chan di ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ibẹ̀ ní ọdún 1993. Omi ń yọ fún nǹkan bí wákàtí 10 lóòjọ́, nínú líta 100 tí wọ́n bá sì tì sínú páìpù, nǹkan bí 72 ni kì í mú owó wálé, nítorí pé ó ń jò dànù tàbí wọ́n ń jí i fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mítà sí ojúlé kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń wá ibi tí páìpù ti ń jò, ó sì gba owó lọ́wọ́ àwọn alágbára tí wọn kì í san tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ bí ọ̀gágun kan ṣe na ìbọn sí i lórí nígbà tó fẹ́ fi mítà sí ilé rẹ̀. Kò ju ogún ọdún lọ tí àdánù náà fi wálẹ̀ sí nǹkan bí líta 6 nínú 100, omi sì ń yọ tọ̀sán-tòru. Owó omi lọ sókè díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tálákà tó ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pọn omi tà tẹ́lẹ̀ rí i pé ìnáwó wọn dínkù, nítorí pé ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà.

Bí ẹ̀rọ ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Owó tó ń dí tálákà lọ́nà jù lọ ni èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó so ilé mọ́ páìpù fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń rí owó rẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì ní ibi tí yóò ti kó o jọ. Ní Phnom Penh, wọ́n gbà kí àwọn ènìyàn máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n dín in kù fún àwọn tálákà, àwọn tó tálákà jù kò sì san án rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ìjọba yín ní agbára láti ṣe lọ́dún yìí, èyí ni kí ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè pé kí wọ́n má ṣe sọ ìwé ilẹ̀ di dandan kí wọ́n tó so ilé mọ́ páìpù, nítorí pé àwọn tí kò ní ìwé ilẹ̀ gan-an ni wọ́n sábà máa ń wà láìní omi.

ÌBÉÈRÈ: Ní ìlú wa, bí omi tí ilé lò ṣe ń pọ̀ sí i ni iye owó líta kọ̀ọ̀kan ń ga sí i. Wọ́n ní kí olówó lè san jù ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn 14 ni a wà lórí mítà kan ṣoṣo nínú ilé ayálégbé wa, owó tiwa ló sì ga jù ní òpópónà. Ṣé olówó ni wá?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín bá lo líta 50 péré lóòjọ́, líta 21,000 ni ẹ̀yin 14 yóò lò lóṣù. Ká ní tọkọtaya kan wà lódì kejì tó ń lo líta 10,000 lóṣù, pẹ̀lú òdòdó àti koríko tí wọ́n ń bomi rin; nǹkan bí líta 167 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń lò lóòjọ́, ó ju ìlọ́po mẹ́ta tiyín lọ. Mítà kò mọ iye orí tó wà nínú ilé. Líta 21,000 ló rí, ó sì gbé yín gun orí àtẹ̀gùn owó tó ga jù, ó fi tọkọtaya náà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó gbé irú òfin yìí kalẹ̀ ní èrò rere lọ́kàn, àmọ́ ó rò pé ilé tó ń lo omi púpọ̀ ni ilé tó lówó, ọ̀rọ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń pín ẹ̀rọ kan lò.

Ohun kan náà ló bá ètò omi ọ̀fẹ́ Gúúsù Áfíríkà, ètò tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ní ọdún 2001 ni ìjọba ibẹ̀ ní kí ìdílé máa gba líta 6,000 lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù. Líta 25 fún ẹnì kan lóòjọ́, nínú ilé ènìyàn 8, fún ọjọ́ 30, ni wọ́n fi dé iye náà. Ilé ènìyàn 3 yóò rí i lò dáadáa. Ilé ènìyàn 16 yóò lò ó tán nígbà tí oṣù bá dé ìdajì. Àwọn olùgbé Phiri ní Soweto gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre ní ọdún 2008, ó ní líta 50 ló tọ́ sí ẹnì kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè yí ìdájọ́ náà padà, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti ka iye líta fún ìjọba. Ọ̀nà mìíràn ni Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù gbà: láti ọdún 1997 títí di òpin 2015, orí ni wọ́n ń kà, líta 15,000 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú ilé. Ìyẹn sún mọ́ òdodo sí i, ṣùgbọ́n olówó náà ń gba tirẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń san án padà lórí omi yòókù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìrànwọ́ tó ń tọ ìdílé lọ ju èyí tó ń tọ líta lọ. Òfin kan tí Chile ṣe ní ọdún 1989 gbà pé kí ilé iṣẹ́ omi kọ iye tí omi ń náni gan-an sínú ìwé owó, kí ìjọba sì san láti ìdá 25 dé ìdá 85 nínú 100 lórí omi oṣù kan, dé ìwọ̀n kan, fún àwọn ìdílé tó ṣe aláìní, kí ìdílé náà fúnra rẹ̀ san ìyókù. Owó náà wà nínú ètò ìṣúná, gbogbo ènìyàn sì lè rí i. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà tún gbà á lọ́nà mìíràn ní ọdún 2017: owó tó ń wọlé fún ìdílé ni wọ́n fi ń pinnu iye tí yóò san, láti ìdá 2 sí ìdá 4 nínú 100, láìka iye omi tó lò sí. Ní Ẹ́ńgílándì àti Wales, ètò WaterSure kò jẹ́ kí owó ilé tó ń gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba ju owó ìdílé àárín lọ, bí ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà níbẹ̀ tàbí bí aláìsàn kan bá wà tó nílò omi púpọ̀.

Gbogbo irú ètò báyìí ló ní àléébù kan náà. Ẹni tó nílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà, kí ó kọ fọ́ọ̀mù, kí ó sì ní ìwé owó ní orúkọ ara rẹ̀. Ayálégbé kò ní i, orúkọ onílé ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin 14 yìí, ohun méjì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín: kí wọ́n máa ka iye ìdílé tó wà lórí mítà kan kí wọ́n tó gbé e gun orí àtẹ̀gùn owó, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ti wà nínú ìwé àwọn aláìní tẹ́lẹ̀ rí ìrànwọ́ omi gbà láìtún kọ fọ́ọ̀mù tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ló ń mú kí omi wọ́n, bí ó bá wà lọ́wọ́ ìjọba ni àbí lọ́wọ́ oníṣòwò?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rí wà fún tọ̀tún-tòsì. Nígbà tí wọ́n fi omi Cochabamba ní Bolivia lé oníṣòwò lọ́wọ́, owó rẹ̀ fò sókè, ìlú dàrú ní ọdún 2000, ìjọba sì fagi lé àdéhùn náà. Paris gba omi rẹ̀ padà sọ́wọ́ ìlú ní ọdún 2010, ó sì dín owó rẹ̀ kù ní ìdá 8 nínú 100 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni ti Phnom Penh; ní Chile, àwọn oníṣòwò ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá àjọ kan wà tó lè sọ fún ilé iṣẹ́ omi pé owó yìí ti pọ̀ jù, tí a ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Owó omi ẹ̀gbin tó wà lórí ìwé owó mi ju ti omi mímu lọ. Ṣé kì í ṣe omi kan náà tí mo ti sanwó rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Omi kan náà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé kọ́ ló ṣe jáde. Páìpù omi ẹ̀gbin fẹ̀ ju ti omi mímu lọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀gbin lè máa ṣàn, bó bá sì ṣe ń jìnnà ni yóò máa wọ ilẹ̀ sí i. Bó bá dé òpin, a ó sẹ́ ẹ, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a tó lè dá omi náà padà sínú odò. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni iṣẹ́ yìí ń ṣe láǹfààní. Bí ẹ̀gbin ilé yín bá ṣàn wọ odò, ẹni tó ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò ni onígbáméjì yóò mú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó tọ́ kí owó-orí gbé ìpín tó pọ̀ nínú owó omi ẹ̀gbin ju bó ṣe gbé nínú ti omi mímu lọ.

Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òfin omi mímọ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972 gbà kí ìjọba àpapọ̀ san tó ìdá 75 nínú 100 owó kíkọ́ ibi tí àwọn ìlú ti ń fọ omi ẹ̀gbin wọn mọ́. Lọ́dún 1981, wọ́n dín ìpín náà kù. Nígbà tó di ọdún 1987, wọ́n sọ ọ́ di owó yíyá tí ìlú gbọ́dọ̀ dá padà, ìwé owó tí àwọn ìdílé ń san ni ìlú sì ń yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹrù tó wà lórí owó-orí tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí ìdílé, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn tí páìpù ẹ̀gbin kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ibi tí owó ìjọba ti ń lọ sórí páìpù abẹ́ ilẹ̀ nìkan, àwọn tó ń lo ṣáláńgá ń dá san owó ẹni tó ń kó o, owó-orí wọn sì ń ran àwọn tó lówó jù wọ́n lọ lọ́wọ́. Ìlú eThekwini ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Durban wà, gbé ètò kan kalẹ̀ láti máa kó ṣáláńgá àwọn aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ó yẹ kí àwọn ìlú mìíràn wò ó dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Mo jẹ gbèsè owó omi oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ní àwọn yóò gé e. Àìsàn gbé ìyá mi dè sílé lọ́dọ̀ mi. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún ìyá ní àlàáfíà. Òfin ibi tí ẹ ń gbé ló máa pinnu rẹ̀. Ní Ẹ́ńgílándì àti Wales, òfin kan tó jáde ní ọdún 1999 ká ilé iṣẹ́ omi lọ́wọ́ kò pátápátá láti gé omi ilé gbígbé nítorí gbèsè. Gbèsè náà kò parẹ́, wọ́n lè gbé ẹni tó jẹ ẹ́ lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n omi kò ní dá. Ní Detroit, ní ọdún 2014 tí ìlú náà fúnra rẹ̀ ti wọ gbèsè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni wọ́n gé omi wọn, títí àwọn amòye Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi wá wo ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn ìdílé tó jẹ gbèsè omi lọ́wọ́, àmọ́ ètò fúngbà díẹ̀ ni. Èmi kò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí a gé omi ilé tí aláìsàn wà.

Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ omi lónìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san lóṣooṣù, ẹ fi ìwé dókítà ìyá mọ́ ọn, ẹ sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó wọn tàbí aṣojú yín.

Kí ẹ tó gbà pé gbogbo gbèsè náà ni ẹ jẹ lóòótọ́, ẹ yẹ mítà wò. Ìwé owó tèmi náà fò sókè ní ìlọ́po méjì nígbà kan, mo sì bínú sí gbogbo ènìyàn fún oṣù méjì gbáko. Lóru ọjọ́ kan mo ti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, mo mú iná lọ sí ìdí mítà, mo sì rí àgbá pupa kékeré inú rẹ̀ tó ń yí jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi. Mo kán aró díẹ̀ sínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò sì fa omi sí i. Kò tó ìdajì wákàtí tí omi inú àwo fi yí àwọ̀ padà. Rọ́bà kan tó ti gbó ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì mú àkọsílẹ̀ mítà tó wà ṣáájú àtúnṣe àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ fún wọn. Wọ́n yọ lára owó náà fún mi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lóru òní, kí ẹ sì kọ iye tó wà lójú mítà sílẹ̀ kí ẹ tó sùn àti nígbà tí ẹ bá jí.